Dátà Àwọ̀ Òkun Láti Ọ̀dọ̀ Sátẹ́láìtì: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá Nípa Gbígbà, Títọ́jú àti Pínpín Rẹ̀

Láti UI, Agbowó, Mọ́níyà títí dé Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí ń bi wá. A kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le ló gbẹ̀yìn.

Kí ni dátà àwọ̀ òkun gan-an?

Oòrùn a máa tan ìmọ́lẹ̀ wọ inú òkun. Omi àti ohun tó wà nínú rẹ̀ á gba díẹ̀ mọ́ra, ìyókù á ta padà sókè. Èyí tó ta padà yìí ni sátẹ́láìtì ń wọ̀n bó ṣe ń kọjá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, títí dé àwọn tí ojú ènìyàn kò lè rí. Níbi tí omi bá ti mọ́ gaara, búlúù ló máa ń ta padà jù. Níbi tí àwọn ewéko wínníwínní tó ń léfòó nínú òkun bá ti pọ̀, chlorophyll inú wọn (ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀) á gbé búlúù mì, omi á wá yọ àwọ̀ ewé.

Ìyàtọ̀ láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé yìí la fi ń ṣírò iye chlorophyll, tí à ń kọ ní mg/m³. Ní agbami òkun, ó lè má tó 0.1. Létí òkun tí oúnjẹ pọ̀ sí, ó lè kọjá 10. Ọ̀dọ̀ àwọn ewéko yìí ni oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun abẹ̀mí inú òkun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà yìí fi wúlò fún onímọ̀ ẹja, fún onímọ̀ ojú ọjọ́, àti fún ẹni tó ń ṣọ́ ìdọ̀tí omi.

Ìbàdàn kò sí létí òkun. Kí ló kàn wá?

Ẹja ṣáwá tí à ń rà ní Bódìjà kò ti inú odò Ògùnpa wá. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè létí òkun Gánà àti Ivory Coast, ó sì ń gbé oúnjẹ ewéko dání. Chlorophyll á gbéra, ẹja á tẹ̀lé e. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ lórí àwòrán láti yàrá yín ní Agbowó.

Omi ọ̀dọ̀ tiwa náà kò dúró lọ́dọ̀ wa. Odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sé ní Asejire, ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì. Odò Ògùn ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò bá gbé lọ nígbà òjò ń yí àwọ̀ omi padà ní ẹnu òkun, sátẹ́láìtì sì ń rí i.

Èló ni wọ́n ń tà á?

Ọ̀fẹ́ ni. Fún dátà NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ ní Earthdata Login: orúkọ, íméèlì, páswọọ̀dù àti ìbéèrè kékeré mélòó kan. Wọn kò ní bèèrè káàdì báńkì. EUMETSAT (àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Yúróòpù) àti Copernicus Marine Service (tó ń pín dátà òkun ní Yúróòpù) ní ìforúkọsílẹ̀ tiwọn, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gba dátà sẹ́ńsọ̀ MODIS (ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lórí sátẹ́láìtì NASA) tàbí ti sátẹ́láìtì Sentinel-3 ti Yúróòpù, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà. Dátà náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni sátẹ́láìtì tí sẹ́ńsọ̀ SeaWiFS wà lórí rẹ̀, NASA ló ń ra dátà rẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Olùwádìí ní láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lónìí bọ́ sí àsìkò tó dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó dáadáa.

Ta ló ń tọ́jú dátà náà, níbo ló sì wà?

Ibi ìpamọ́ tó tóbi jù fún iṣẹ́ yìí ni OB.DAAC, tó wà lábẹ́ NASA ní Goddard Space Flight Center, ìlú Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Dátà tó ti 1978 wá títí di òní ló wà níbẹ̀. EUMETSAT ní Darmstadt, orílẹ̀-èdè Jámánì, ló ń pín dátà òkun ti Sentinel-3. NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, ní ibi tó ti ń pín tirẹ̀, CoastWatch; JAXA, àjọ òfurufú Jàpáànì, sì ń pín ti GCOM-C, sátẹ́láìtì tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2017.

Iṣẹ́ wọn kọjá kí wọ́n kàn kó fáìlì pamọ́. Bí dátà bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tọ́jú èyí tó tutù pátápátá tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, wọ́n á sì pín èyí tó ti jinná. Bí ìmọ̀ bá tún pọ̀ sí i, wọ́n á padà sí èyí tó tutù yẹn, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ sè láti ọjọ́ kìíní. Nítorí pé wọ́n tọ́jú èyí tó tutù la ṣe lè lo dátà CZCS, sẹ́ńsọ̀ àwọ̀ òkun tó ṣáájú gbogbo wọn, lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1986 ni sẹ́ńsọ̀ náà ti ṣíwọ́.

Sátẹ́láìtì wo ló ṣiṣẹ́ láti ọdún wo sí ọdún wo?

CZCS ló ṣáájú, lórí Nimbus-7, láti 1978 sí 1986. Lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ojú tó ń ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, àlàfo yẹn kò sì ní dí láéláé. SeaWiFS gòkè ní oṣù kẹjọ 1997, ó sì parí iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2010. MODIS wà lórí sátẹ́láìtì méjì: Terra tó gòkè ní oṣù kejìlá 1999, àti Aqua tó gòkè ní oṣù karùn-ún 2002. Fún àwọ̀ òkun, ti Aqua ni kí ẹ lò, nítorí sẹ́ńsọ̀ orí Terra ní ìṣòro ìdíwọ̀n tó pọ̀. MERIS ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣiṣẹ́ lórí Envisat láti 2002 títí di oṣù kẹrin 2012.

Àwọn VIIRS wà lórí Suomi NPP (2011), NOAA-20 (2017) àti NOAA-21 (2022). OLCI wà lórí Sentinel-3A (2016) àti 3B (2018), báńdì (ìpín àwọ̀) 21, píksẹ́lì (ẹyọ kan nínú àwòrán) mítà 300. PACE ló dé kẹ́yìn, ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 2024. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń mú àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ OCI orí PACE ń mú àwọ̀ ní ìtẹ̀léra, ní nǹkan bíi nanomítà 5 sí 5, láti ìmọ́lẹ̀ ultraviolet lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ewéko tó wà nínú omi, yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, PACE ni kó kọ́.

NigeriaSat ńkọ́?

NigeriaSat-1 (2003) àti NigeriaSat-2 (2011) ṣe bẹbẹ fún àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ṣe wọ́n fún àwọ̀ òkun. Òkun dúdú gan-an lójú sátẹ́láìtì. Sẹ́ńsọ̀ tó máa rí ìyàtọ̀ kékeré nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un.

Kí ni Level 0, 1, 2, 3 tí wọ́n ń kọ sára fáìlì?

Level 0 ni isu, bó ṣe ti oko dé. Level 1 ni gbódó: wọ́n ti fi àkókò, ibi tí a ti yà á, àti ìdíwọ̀n sẹ́ńsọ̀ sí i. Level 2 ni èlùbọ́: wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́ kúrò, wọ́n ti ṣírò chlorophyll, ṣùgbọ́n píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní ipò tí sátẹ́láìtì ti rí i. Level 3 ni àmàlà: wọ́n ti ro ọjọ́ kan, ọjọ́ 8, tàbí oṣù kan pọ̀ sórí máàpù ayé. Kò sí ẹni tó lè sọ àmàlà di isu padà, nítorí náà ẹ ronú kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó gbà.

Yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò ni ibi tó ṣòro jù. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lórí òkun, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Ìdá kan tó kù ló ti inú omi wá. Bí ìṣirò afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ ṣì, ti omi á ṣì púpọ̀.

Èwo wá ni kí n gbà fún iṣẹ́ mi?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Gulf of Guinea ṣe ń yí padà láti oṣù dé oṣù, Level 3 ti oṣooṣù tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan pàtó wé omi tí ẹ bù ní Èkó, Level 2 ni. Level 1 wà fún ẹni tó fẹ́ tún ìṣirò afẹ́fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ nínú SeaDAS, ọ̀fẹ́ sì ni sọ́fítíwià yẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti Level 1 nítorí pé ó dún bí iṣẹ́ ńlá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí ìbéèrè ìwádìí yín bá béèrè fún un.

Báwo ni mo ṣe máa ka orúkọ fáìlì?

Ẹ wo èyí: `AQUA_MODIS.20230701_20230731.L3m.MO.CHL.chlor_a.4km.nc`. Sátẹ́láìtì Aqua, sẹ́ńsọ̀ MODIS, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 31 oṣù keje 2023, Level 3 tí a ti tẹ́ sórí máàpù, ti oṣù kan, chlorophyll, píksẹ́lì kìlómítà 4, fáìlì NetCDF. Bí ẹ bá rí NRT nínú orúkọ náà, wọ́n yára ṣe é ni. Wọ́n á tún un ṣe tí dátà afẹ́fẹ́ tó péye bá dé, ẹ má fi í parí ìwádìí.

Fáìlì àtijọ́ tí ẹ bá bá lórí dísìkì àwọn ọ̀gá wa lè máa jẹ́ `S20000612000091.L3m_MO_CHL_chlor_a_9km.nc`. S ni SeaWiFS. Ọjọ́ 061 sí ọjọ́ 091 nínú ọdún 2000 jẹ́ oṣù kẹta. Fún Level 2, àkókò wà nínú orúkọ, ní UTC (aago àgbáyé, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa): T130501 túmọ̀ sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀sán lọ́dọ̀ wa.

Íntánẹ́ẹ̀tì ń já, iná ń lọ. Báwo ni mo ṣe máa gba fáìlì tó pọ̀ tó báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ẹ nílò gbogbo ayé. Máàpù Level 3 ti kìlómítà 4 ní píksẹ́lì 8640 ní ìbú àti 4320 ní òró, ó lé ní mílíọ̀nù 37. Omi iwájú Nàìjíríà, láti 2°E sí 9°E, láti 3°N sí 7°N, jẹ́ píksẹ́lì 168 ní ìbú àti 96 ní òró: 16,128 péré. Kò tó ìdá kan nínú 2,000. Síbẹ̀, a ń rí àwọn tó fi owó íntánẹ́ẹ̀tì oṣù kan gba òkun Pàsífíìkì tí wọn kò ní wò.

Ẹ lo ERDDAP ti CoastWatch tàbí OPeNDAP, àwọn ọ̀nà ìgbà dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti gé apá tí ẹ fẹ́ lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí odidi fáìlì bá pọn dandan, `wget -c`, àṣẹ tó ń gba fáìlì láti íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ lò. Tí iná bá lọ láàárín, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró, kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo bíráúsà fún ọ̀pọ̀ fáìlì. Ẹ kọ orúkọ àwọn fáìlì sínú ìwé kan, kí wget máa kà á lọ lóru nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá fúyẹ́.

Tó bá parí, ẹ fi SHA-1 (àmì tó ń fi hàn pé fáìlì pé) tí OB.DAAC kọ síbẹ̀ wé ti fáìlì yín. Fáìlì tó já lágbede méjì lè ṣí dáadáa, kó fi òkun hàn yín, kí apá kan sì ṣófo láìsọ̀rọ̀.

Mo gba fáìlì, ó ní .nc lórúkọ, ṣùgbọ́n kò ṣí.

Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ kìlóbáìtì díẹ̀, ẹ fi `head` wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí `<!DOCTYPE html>`, ojú ewé ìforúkọwọlé lẹ gbà, wget kàn fi orúkọ dátà pè é ni. Kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ẹ ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ `.netrc` sínú home yín, kí ẹ kọ `machine urs.earthdata.nasa.gov`, lẹ́yìn náà `login` pẹ̀lú orúkọ yín, àti `password` pẹ̀lú páswọọ̀dù yín. Ẹ fi `chmod 600` tì í kí ẹlòmíràn má bàa kà á. Lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn mẹ́wàá ń lò nínú láàbù, ìlẹ̀kùn yìí ṣe pàtàkì. Ẹ ní kí wget máa tọ́jú cookie pẹ̀lú.

Kí ló dé tí àwòrán mi fi kún fún ihò?

Ìkùukùu ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò lè rí omi láti orí ìkùukùu, òjò sì ń mú ìkùukùu bo etí òkun wa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àsìkò tí omi tútù ń yọ sókè gan-an bọ́ sínú oṣù tí ìkùukùu pọ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku Sàhárà á bo ojú sánmà, á gbé búlúù mì, ìṣirò afẹ́fẹ́ á kùnà tàbí á fi nọ́ńbà tí kò tọ́ sílẹ̀. Dídán oòrùn lójú omi náà ń pa apá kan run.

Level 2 ní àsíá tó ń sọ ìdí fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: CLDICE fún ìkùukùu, HIGLINT fún dídán oòrùn, ATMFAIL níbi tí ìṣirò afẹ́fẹ́ ti kùnà, LAND fún ilẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó gba nọ́ńbà gbọ́. Ẹ má fi òdo dí ihò. Òdo túmọ̀ sí pé a wò, a kò rí nǹkan kan. Ihò túmọ̀ sí pé a kò rí ibẹ̀ wò.

Nọ́ńbà Rrs mi jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, òmíràn -32767. Ṣé fáìlì ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Rrs ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti inú omi ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a bá fi wé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bọ́ sórí omi. Kí fáìlì má bàa tóbi, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí odidi nọ́ńbà. Ẹ fi `scale_factor` sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi `add_offset` kún un. Ní MODIS, 0.000002 ni àkọ́kọ́, 0.05 ni èkejì. Bí ẹ bá rí -22500: ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di -0.045, ẹ fi 0.05 kún un, ó di 0.005, èyí tó bójú mu fún omi. -32767 ni ibi tí kò sí dátà. SeaDAS àti xarray (ti èdè Python) ń ṣe gbogbo èyí fúnra wọn. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ kóòdù ló máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Chlorophyll ga gan-an ní ẹnu ọ̀sà Èkó àti lẹ́bàá Niger Delta. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ewéko pọ̀ níbẹ̀?

Ẹ dúró ná. Agbami òkun, níbi tó jẹ́ pé ewéko nìkan ló ń pa àwọ̀ omi dà, ni wọ́n dìídì ṣe ìṣirò tó ń fi búlúù wé àwọ̀ ewé fún. Nínú omi tó rú, ẹrẹ̀ wà, omi ewé jíjẹrà láti inú igbó àti ẹrọ̀fọ̀ náà wà, òun sì ń gbé búlúù mì bí chlorophyll ṣe ń gbé e mì. Ìṣirò náà kò mọ ìyàtọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń pè ní chlorophyll.

Ìṣòro kejì farapamọ́. Ọ̀nà ìbílẹ̀ fún yíyọ afẹ́fẹ́ gbà pé omi kì í ta ìmọ́lẹ̀ infrared tó súnmọ́ pupa padà. Ẹrẹ̀ a máa ta á padà. Ìṣirò á wá rò pé afẹ́fẹ́ ni, á yọ jù, Rrs búlúù lè wá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá rí Rrs tó ní àmì ìyọkúrò, ẹ má gba chlorophyll ibẹ̀ gbọ́.

Ẹ lo Rrs fúnra rẹ̀, ẹ wo báńdì pupa, ẹ wo Kd490 tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé sí, kí ẹ sì bu omi wọ̀n. Láìsí omi tí a bù, ohun tí ẹ lè kọ ni pé àwọ̀ omi yí padà.

Ṣé mo lè lò ó fún adágún Ẹlẹ́yẹlé tàbí Asejire?

Pẹ̀lú MODIS, VIIRS tàbí PACE, rárá. Píksẹ́lì kìlómítà kan lórí Ẹlẹ́yẹlé á kó omi, ilé àti igbó pọ̀. OLCI ti mítà 300 náà tóbi jù fún ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Sentinel-2, tí báńdì rẹ̀ jẹ́ mítà 10, 20 àti 60, tàbí Landsat 8 àti 9 ti mítà 30, ni kí ẹ gbà. Ẹ fi sọ́fítíwià ACOLITE tàbí C2RCC yọ afẹ́fẹ́. Ewé tó léfòó bo ojú omi Ẹlẹ́yẹlé á fi ara hàn bí koríko orí ilẹ̀, ẹ gé e kúrò kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun nípa omi.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe àròpín chlorophyll?

Chlorophyll kì í tò bí gíga ènìyàn. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ kékeré, díẹ̀ á sì ga fíofío. Ẹ wo ọjọ́ mẹ́ta: 0.2, 0.3 àti 9.0. Àròpín lásán jẹ́ 3.17, nọ́ńbà tí kò jọ ọjọ́ kankan nínú wọn. Bí ẹ bá ṣe é lórí logarithm kí ẹ tó dá a padà, 0.81 ni. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ èyí tí ẹ yàn.

Ẹ má sì ka oṣù sí oṣù lásán. Ní àsìkò òjò, ọjọ́ méjì tí ojú sánmà là lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú "oṣù keje" yín. Fáìlì Level 3 tí a kò tíì tẹ́ sórí máàpù ní iye ìgbà tí a rí ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ wò ó.

Ṣé mo lè so SeaWiFS, MODIS àti VIIRS pọ̀ di ìlà kan láti 1997?

Ẹ lè so wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má kàn tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Báńdì wọn kò dọ́gba, àkókò tí wọ́n ń kọjá kò dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń darúgbó kò sì dọ́gba. Láti nǹkan bí 2022, Aqua kò dúró lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ mọ́, àkókò tó ń kọjá lókè wa ń sún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tò wọ́n lásán, ọdún tí sẹ́ńsọ̀ pààrọ̀ lè wá dà bí ọdún tí òkun yí padà.

Ẹ wo àwọn ọdún tí méjì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, 2002 sí 2010 fún SeaWiFS àti Aqua, kí ẹ wọn ìyàtọ̀ wọn lórí omi tiyín. Tàbí kí ẹ lo OC-CCI, dátà alápapọ̀ ti ESA, àjọ òfurufú Yúróòpù. Wọ́n ti bá yín mú àwọn sẹ́ńsọ̀ náà dọ́gba láti 1997, wọ́n sì fi iye àṣìṣe sí i.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi lo oṣù kan náà, sẹ́ńsọ̀ kan náà, àbájáde wa yàtọ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú yín gba tirẹ̀ kí wọ́n tó tún gbogbo dátà ṣe. OB.DAAC máa ń padà sí Level 0 kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣírò nígbà tí ìdíwọ̀n bá dára sí i. R2018 àti R2022 wà lára àwọn àtúnṣe náà. Ẹ ṣí fáìlì, ẹ wo `processing_version` àti `date_created` nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ má jiyàn lórí òkun, ẹ tún èyí tó gbó gbà.

Nínú ìwádìí yín, ẹ kọ orúkọ dátà, àtúnṣe rẹ̀, DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀) rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á. "Láti ọ̀dọ̀ NASA" kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ yín ṣe ní ọdún mẹ́wàá sí i gbọ́dọ̀ lè rí fáìlì kan náà.

Ṣé kí ẹ̀ka wa tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ ní Ìbàdàn?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń tọ́jú. Kí ènìyàn kan gbà á, kí gbogbo yín ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 20 san owó íntánẹ́ẹ̀tì nígbà 20 lórí fáìlì kan. Àmọ́ ẹ má yí orúkọ fáìlì padà. A ti rí dísìkì tí wọ́n pe gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ní "chl1", "chl2", "chl_final", ẹni tó kó o jọ ti gboyè lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ sátẹ́láìtì tàbí ọdún tó jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ló ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ìwé kékeré sínú fólídà kọ̀ọ̀kan: ibi tí a ti gbà á, ọjọ́ tí a gbà á, àtúnṣe wo, SHA-1, ẹni tó gbà á. Ẹ tọ́jú kóòdù tó gé e pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀dà kan nínú láàbù, òmíràn ní ilé mìíràn, nítorí ọwọ́ iná tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ kò mọ dísìkì tó gbówó lórí. Ẹ má gbìyànjú láti kó Level 1 gbogbo ayé jọ, iṣẹ́ Greenbelt nìyẹn. Ohun tí kò sí níbòmíràn, ìyẹn omi tí ẹ̀yin fúnra yín bù, ni kí ẹ ṣọ́ jù.

Mo ti wọn chlorophyll fúnra mi lórí ọkọ̀ ojú omi. Ṣé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni?

Ó wúlò púpọ̀. SeaBASS, tí ẹgbẹ́ kan náà ní NASA ń tọ́jú, ni ibi ìpamọ́ fún ìwọ̀n tí ènìyàn ṣe nínú omi gan-an. Nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò chlorophyll ti wá, omi Gulf of Guinea kò sì pọ̀ nínú wọn. Lórí omi àwọn ẹlòmíràn ni a ti kọ́ ìṣirò tí à ń lò lórí tiwa, èyí sì ká wa lára.

Kí ìwọ̀n yín tó lè bá sátẹ́láìtì pàdé, ẹ kọ ibi tí ẹ wà láti inú GPS, ẹ kọ àkókò ní UTC, ẹ kọ bí ẹ ṣe sẹ́ omi àti irú fílítà tí ẹ lò, ẹ kọ ẹ̀rọ tí ẹ fi kà á. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí omi náà wà láàárín wákàtí mẹ́ta ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà tí sátẹ́láìtì kọjá, kí a sì wo àpótí píksẹ́lì 5 ní 5 yí i ká. Omi tí ẹ bù ní aago mẹ́fà àárọ̀ fún Aqua tó ń kọjá lọ́sàn-án ti jìnnà jù. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní Èkó, ẹ wo àkókò tí sátẹ́láìtì máa kọjá.

Ọdún mélòó ni mo nílò kí n tó lè sọ pé chlorophyll òkun wa ń pọ̀ tàbí ń dín kù nítorí ìyípadà ojú ọjọ́?

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 ṣírò rẹ̀ pé ó máa tó nǹkan bí ọdún 40 tí kò já kí èèyàn tó lè ya ìyípadà ojú ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára lílọ bíbọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. A kò tíì ní tó bẹ́ẹ̀ láti 1997, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo kò sì lè dá a ṣe. Ọdún 10 ti MODIS lè fi bí àsìkò ṣe ń lọ hàn, ó lè fi ọdún tó yàtọ̀ hàn, ó lè fi àgbàrá ńlá hàn.

Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ fa ìlà gbọọrọ kan gba inú ọdún 10 yẹn, ẹ fà á, kí ẹ fi iye àṣìṣe rẹ̀ sí i, kí ẹ kọ ọdún tí ẹ lò sójú rẹ̀. Ẹ fa òmíràn láti inú OC-CCI lórí ibi kan náà, kí ẹ tẹ méjèèjì pọ̀ sínú iṣẹ́ yín.